Ìbọn Àlòkù: Èyí Tó Gbó Yàtọ̀ sí Èyí Tó Bàjẹ́

Ojú sukúrù ni mo kọ́kọ́ máa ń wò lára ìbọn àlòkù, kí n tó wo ọ̀pá, kí n tó wo igi. Bí ilà àárín orí sukúrù bá ṣì gún régé, tí etí rẹ̀ kò ya, a jẹ́ pé kò tíì sí ẹni tó tú ikùn ìbọn náà, tàbí pé ẹni tó tú u mọ iṣẹ́. Bí ilà yẹn bá ti ṣẹ́ létí, tó rí bí ẹni pé ọ̀bẹ ìdáná ni wọ́n fi tú u, ẹnìkan ti débẹ̀ ṣáájú mi nìyẹn, ohun tó sì débẹ̀ ṣe ni màá fi gbogbo àárọ̀ wá. Lílò a máa jẹ ìbọn, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti jẹ ẹ́ kì í fara pamọ́: irin á máa dán níbi tí ọwọ́ ti ń kàn án, híńjì á tú díẹ̀, igi á dúdú. Ìbọn tó gbó nìyẹn, ó sì ṣeé rà. Èyí tí wọ́n fi òòlù lù, tí wọ́n fi iná jó, tí wọ́n wá fi epo pa lójú kó lè wu oníbàárà, ìyẹn ni ìbọn tó bàjẹ́.

Ìbọn ọlọ́ta tí à ń ṣẹ́ láàárín ni mò ń sọ, olójú kan tàbí olójú méjì, ìyẹn ọlọ́pàá kan tàbí ọ̀pá méjì, irú èyí tí àwọn ọdẹ wa ní Èkìtì ń gbé kọ́ èjìká wọ igbó Ìkọ̀lé, Òmùò, Ìsẹ̀, àti ẹ̀yìn Ìrè níbi tí Ògún ti yà mu ẹmu. Màá fẹnu ba ṣakabùlà, èyí tí à ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, náà tó bá yá, nítorí ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ní méjèèjì. Ti ìbọn ìléwọ́ oníyípo tí àwọn kan máa ń béèrè, n kò ní í débẹ̀. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1959 kà á mọ́ àwọn tó jẹ́ èèwọ̀, òun àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ yòókù. Ìbọn ọlọ́ta tí kì í ki ara rẹ̀ wà ní ìpele kejì, ṣakabùlà wà ní ìpele kẹta, ìwé àṣẹ sì ni à ń gbà fún méjèèjì. Ìwé ẹni tó ń tà kì í sì í ṣe ìwé ẹni tó ń rà. Ẹ ka nọ́ńbà inú ìwé, ẹ ka nọ́ńbà ara irin, kí ẹ tó ka owó. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha nọ́ńbà kúrò, ẹ kí bàbá, kí ẹ máa lọ sílé. Kò sí ìnájà nínú ìyẹn.

Ojúmọmọ ni kí ẹ lọ wò ó, ní ìta gbangba. Iná tọ́ọ̀ṣì nìkan kò tó, nítorí gbogbo irin ló ń dán lójú tọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ẹ máa mú dání kò pọ̀: àkísà funfun, òwú díẹ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ju ọ̀pá ìbọn lọ, karasínì nínú ìgò kékeré, okùn, ewé ìwé kan láti inú ìwé ìkọ̀wé ọmọléèwé, èèpo ọta méjì tí wọ́n ti yìn, àti omi inú ọ̀rá mẹ́fà. Ẹ máa rí iṣẹ́ omi yẹn láìpẹ́. Bí àgbà ọdẹ ló ń tà á, ẹ kí i bó ṣe yẹ ká kí àgbà, kí ẹ tó sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ṣẹ́ ẹ wò." Ọmọdé tó bá já ìbọn gbà lọ́wọ́ àgbà, tó wá ń tú u palẹ̀ bí ẹni ń tu adìẹ, iye tó máa gbọ́ yóò yàtọ̀ sí iye tí ẹlòmíràn gbọ́.

Àsìkò pàápàá ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Igi máa ń sún kì lákòókò ọyẹ́, nítorí náà ìdí ìbọn tó mì díẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní lè le padà nígbà tí òjò bá dé. Ẹ má tìtorí ìyẹn nìkan kọ̀ ọ́. Ìpẹtà ní tirẹ̀, ìgbà òjò ni í jí. Ìbọn tó dán gbinrin nígbà ọyẹ́ lè pọ́n bí epo lábẹ́ igi iwájú, èyí tí ọwọ́ òsì ń dì mú lábẹ́ ọ̀pá, ní oṣù keje. Torí náà, ìgbàkígbà tó wù kí ẹ rà á, ẹ bọ́ igi iwájú yẹn kúrò, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni òjò àti òógùn máa ń sá sí.

Ṣáájú ohun gbogbo, kó dá yín lójú pé inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ dojú ẹnu rẹ̀ kọ ibi tí kò sí ènìyàn, ẹ yọ ìka kúrò níbi tí à ń fà, ẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ wo ilé ọta, ìdí ọ̀pá níbi tí à ń ki ọta sí, kí ẹ sì ti ìka bọ̀ ọ́. Ṣakabùlà kò ṣeé ṣẹ́, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa jẹ́rìí rẹ̀. Ẹ má ṣe dúró síwájú ẹnu rẹ̀. Ẹ ti ọ̀pá náà bọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́ títí yóò fi kanlẹ̀, ẹ sàmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, ẹ fà á yọ, kí ẹ wá tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìbọn láti ìta. Orí rẹ̀ yẹ kó dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé. Bó bá ku ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó débẹ̀, ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, bí ẹni tó ń tà bá tilẹ̀ búra pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án. Ẹ̀tù tó gbẹ kì í ka ọdún.

Ọ̀pá ló wá kàn, ibẹ̀ ni n kò sì ti í kánjú rárá. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára igi. Ẹni tó ń tà á ti fi epo pa inú rẹ̀, epo yẹn ló ń dán tí ẹ fi rò pé irin ni. Ẹ rẹ àkísà sínú karasínì, ẹ tì í kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi èyí tó gbẹ tẹ̀ lé e, kí ẹ tó gbé e sójú. Ẹ wò ó láti ìdí, ẹ wò ó láti ẹnu, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ògiri funfun tàbí sí apá sánmà tí oòrùn kò sí. Nínú ọ̀pá tó dára, ìmọ́lẹ̀ máa ń ṣe òrùka òrùka, ọ̀kan nínú èkejì, gbogbo wọn á sì rí roboto. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yí ẹran lórí iná. Ibi tí òrùka bá ti wọ́, tí òjìji dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀pá ti tẹ̀ sínú níbẹ̀. Bí òjìji bá yí i po bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ó ti wú. Ẹ pa ojú dé, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fa gbogbo ara rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu. Ọwọ́ máa ń rí ohun tí ojú fò.

Títẹ̀ àti wíwú kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ìbọn tó ṣubú lu àpáta ló ń tẹ̀, àpáta kò sì wọ́n wa ní Èkìtì. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ lè gbé e padà láti inú. Wíwú túmọ̀ sí pé nǹkan dí ọ̀pá nígbà tí wọ́n yìn ín, agbára ẹ̀tù kò rọ́nà jáde, ó sì fẹ irin. Irin tó bá ti fẹ̀ ti fẹ́lẹ́, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà sí bó ṣe wà. Kí ló ń dí i? Amọ̀ ni, nígbà tí ọdẹ bá yọ̀ ṣubú létí odò tí ẹnu ìbọn gún ilẹ̀. Kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé ni, èyí tó ka ẹnu ìbọn orí àjà sí ilé tí a kọ́ dè é. Nígbà mìíràn, ọta tí omi ti wọ̀ ni: á dún pó, bí ẹni tó ṣí ìdérí ìgò, ohun tó dí àárín ẹ̀tù àti ọta inú rẹ̀ á há sínú ọ̀pá, ọdẹ á sì ki òmíràn lé e láìwo ojú ihò.

Èyí tó burú jù nínú wọn ni ti ọta nọ́ńbà 20. Nọ́ńbà yìí ni à ń fi pe ìwọ̀n ihò ọ̀pá, màá ṣàlàyé rẹ̀ níwájú. Ó tín-ín-rín ju ti nọ́ńbà 12 lọ. Bí wọ́n bá ṣèèṣì tì í bọ ìbọn nọ́ńbà 12, á yọ̀ kọjá nínú ilé ọta, á lọ há síwájú, ilé ọta á sì dà bí èyí tó ṣófo. Nígbà tí wọ́n bá ki ọta 12 tẹ̀ lé e tí wọ́n fà á, ọ̀pá á ya níbi tí ọwọ́ òsì gbé dì í mú. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń ṣe èèpo ọta 20 ní àwọ̀ ìyeyè, kí ojú lè tètè dá a mọ̀ nínú àpò. Ìbọn tó bá wú díẹ̀ síwájú ilé ọta, tí kò sì ya, orí ló kó ẹni tó ní i yọ. Ẹ má fi owó yín ra ìyókù orí náà.

Ìpẹtà orí irin, tí àkísà lè nù kúrò, kì í ṣe nǹkan. Èyí tó ti gbẹ́ ihò sínú irin, tí inú ọ̀pá fi rí kọ́ńkọ́ǹkọ́ bí ojú ẹni tí ìgbóná bá jà, ibi tó wà ni ká fi ṣèdájọ́ rẹ̀. Bó bá wà nítòsí ẹnu, ìbọn náà ṣì lè ṣiṣẹ́, ẹ kàn máa fọ̀ ọ́ dáadáa ni. Bó bá wà nínú ilé ọta tàbí ní ìwọ̀n ẹ̀gbà ọwọ́ kan síwájú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni agbára ẹ̀tù ti ń le jù lọ. Ilé ọta oníhò tún máa ń gbá èèpo mú, tí ọdẹ á fi máa wá igi fi ti èèpo jáde nígbà tí ẹran ti rékọjá odò. Ẹ wé òwú mọ́ orí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ fi nu inú ilé ọta yípo. Bí òwú bá ń fà ní ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ wo ojú ibẹ̀ dáadáa. Irin sísán kì í tètè hàn sójú, òwú ni í tú u fó.

Ní ti ìwọ̀n: nọ́ńbà 12 kì í ṣe ínṣì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe mìlímítà. Bí a bá mú òjé pọ́n-ùn kan, ìyẹn gíráàmù 453.6, tí a pín in sí bọ́ọ̀lù 12 tó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn ló bá inú ọ̀pá náà mu. Ó tó mìlímítà 18.5. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i. Ẹnu ọ̀pá tí wọ́n fún láti ilé-iṣẹ́, kí ọta lè rìn pọ̀ dé òkèèrè, máa ń fi bíi mìlímítà kan kéré sí inú, ìyẹn 17.5. Bí kálípà, irin tí à ń fi wọn ihò, bá ka 18.5 lẹ́nu náà, ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti gé e. Àmì gígé kò ṣòro: ẹnu tí kò gún, àmì ìfojúsùn tí wọ́n tún lẹ̀ tó sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àti, lára olójú méjì, àlàfo láàárín ẹnu méjèèjì tó yẹ kó fara kanra. Ẹ bi ara yín pé kí ló dé tí wọ́n fi gé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu rẹ̀ ti ya rí ni.

Olójú méjì ní ìdánwò kan tí mo fẹ́ràn, nítorí etí ni í ṣe é. Ẹ bọ́ ọ̀pá kúrò, ẹ yọ igi iwájú, ẹ so okùn mọ́ ìkọ́ abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e kọ́ kó máa fì, kí ẹ fi oríkèé ìka kàn án. Ọ̀pá tó pé á dún bí agogo, ohùn rẹ̀ á sì rìn jìnnà kó tó kú. Bó bá dún kú, tàbí tó ń gbọ̀n bí agolo tí nǹkan wà nínú rẹ̀, irin tó so ọ̀pá méjèèjì pọ̀ ti bó níbì kan. Omi á ti máa wọ abẹ́ rẹ̀, ìpẹtà á sì ti máa jẹ ọ̀pá láti ẹ̀yìn, níbi tí ojú kò lè dé.

Lẹ́yìn ọ̀pá, híńjì. Ọta nìkan kọ́ ló ń gbó o, àwọn tó ń pa ìbọn dé gbàgà bí ilẹ̀kùn mọ́tò ló ń gbó o jù. Ẹ má ṣe dán an wò nígbà tí igi iwájú bá ṣì wà lára rẹ̀, nítorí sípíríǹgì inú igi náà máa ń fa ọ̀pá mọ́ra, títú rẹ̀ kò sì ní í hàn. Ẹ yọ igi iwájú, ẹ pa ìbọn dé, ẹ há ìdí rẹ̀ mọ́ abíyá, kí ẹ mi ọ̀pá sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì. Bó bá dún kó, híńjì ti tú. Ẹ gbé e kọjú sí sánmà: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba àárín ìdí ọ̀pá àti ojú irin tó yẹ kó dì í, ọ̀rọ̀ ti kọjá títú díẹ̀. Ẹ wá mú ewé ìwé ọmọléèwé. Ewé kan nípọn tó bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ẹ fi há àárín, ẹ pa á dé, ẹ fà á. Bí ìbọn bá di ewé kan mú, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá ká a sí méjì tó ṣì ń yọ̀ jáde, ọta á máa rí àyè tì sẹ́yìn nígbà tó bá dún, ìdí èèpo á máa wú, lọ́jọ́ kan á fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí ojú ẹni tó yìn ín.

Ọwọ́ irin orí ìbọn, èyí tí à ń tì kó tó ṣẹ́, tún ní ohun tó ń sọ. Lára tuntun, ó máa ń dúró díẹ̀ sí apá ọ̀tún nígbà tí a bá pa á dé. Bó ṣe ń gbó ló ń rìn bọ̀ sí àárín. Èyí tó ti rékọjá sí òsì ti jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

Ṣùgbọ́n ìbọn tó ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó ń mì lọ ni èyí tí kò mì rárá nígbà tí gbogbo ara rẹ̀ yòókù ti gbó. Ẹ bọ́ ọ̀pá, ẹ wo ìkọ́ abẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ń jókòó sórí híńjì. Mẹ́ta lohun tí mo máa ń bá níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni páànù agolo mílíkì tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi há a. Ìyẹn á tú jáde kí oṣù tó parí, kò sì ba irin jẹ́, ẹ lè fi dín owó kù. Èkejì ni ojú òòlù: wọ́n lu etí ìkọ́ kí irin lè yọ síwájú díẹ̀. Ẹ máa rí i bí àmì ìka lára ẹ̀kọ, ó ń dán ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọta díẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ̀kẹta ni iná wẹ́dà. Irin tí iná bá ti jó máa ń ní àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ilẹ̀ yí ojú ìjó po, bí wọ́n bá tilẹ̀ fi fáìlì dán an, ẹ wo kọ̀rọ̀ tí fáìlì kò dé. Iná yẹn ti sọ irin tí wọ́n dìídì mú le di irin rírọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ gbé e padà fún ẹni tó ni í.

Kí ẹ tó dán òòlù ìbọn, irin ẹ̀yìn tí à ń kẹ́, àti abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta wò, ẹ ki èèpo ọta tí wọ́n ti yìn sí ilé ọta, kí abẹ́rẹ́ lè rí ohun rírọ̀ gún. Ẹ kẹ́ ìbọn, ẹ fi àtàǹpàkò ti ẹ̀yìn òòlù gidigidi láìfọwọ́ kan ibi tí à ń fà. Kò gbọdọ̀ jábọ́. Ẹ tẹ́ àpò sílẹ̀, ẹ fi ìdí rẹ̀ gún un lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnu rẹ̀ kó kọjú sókè kúrò lára gbogbo ènìyàn. Kò gbọdọ̀ jábọ́ síbẹ̀. Omi inú ọ̀rá ló wá kàn: ọ̀rá kọ̀ọ̀kan tó bí ìdajì kìlógíráàmù. Ẹ so ọ̀rá mẹ́ta mọ́ okùn, kí ẹ fi okùn náà kọ́ ibi tí ìka ń fà, ẹnu ìbọn lókè. Ìbọn ọdẹ gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rá mẹ́ta láìjábọ́. Bó bá jábọ́ ní ọ̀rá mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó dára gan-an. Bí mẹ́fà kò bá mú un jábọ́, ó ti le jù, á máa wọ́ ẹnu ìbọn kúrò lójú ẹran. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rá kan tàbí méjì ló já a, ẹnìkan ti fi fáìlì yún ìdìmú rẹ̀, irin tó di òòlù mú, kó lè rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ rántí sukúrù tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Irú ìbọn báyìí ni ẹ̀ka igi ń bá ọdẹ yìn, nígbà tí ọmọ tó gbé iná wà níwájú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ yẹ kó yọ jáde ní nǹkan bíi mìlímítà kan sí kan àbọ̀ nígbà tí òòlù bá wà lórí rẹ̀, kí orí rẹ̀ rí roboto. Èyí tó ṣe ṣóṣóró máa ń lu ojú bàbà ìdí ọta já, iná á gba ibẹ̀ padà sẹ́yìn. Ẹ kẹ́ òòlù kí ẹ fi ìka tẹ orí abẹ́rẹ́: ó gbọ́dọ̀ yọ́ wọlé. Abẹ́rẹ́ tó bá há síta nítorí ìdọ̀tí tàbí sípíríǹgì tó ti kán lè yin ọta nígbà tí a kàn ń pa ìbọn dé.

Bẹ́ẹ̀ bá lè rí èèpo ọta tí ìbọn yẹn gan-an yìn gbẹ̀yìn, ẹ tọrọ rẹ̀. Àwọn ọdẹ kì í sábà dà á nù. Èèpo yẹn ń sọ ohun tí ẹnu ọlọ́jà kò ní í sọ. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gún yẹ kó wà ní àárín gbùngbùn. Bó bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pá kò jókòó re mọ́. Bí ojú bàbà bá yọ sẹ́yìn ju ìdí èèpo lọ, àyè ti wà láàárín, híńjì nìyẹn. Bí ìdí èèpo bá wú sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí èéfín dúdú gba ara rẹ̀ wá sẹ́yìn, ilé ọta ti fẹ̀. Bí ọ̀rá ara rẹ̀ bá ní ilà wẹẹrẹ wẹẹrẹ, ihò ìpẹtà ló ha á.

Igi kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ wo ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn òòlù, ibẹ̀ ló ń là sí. Bí wọ́n bá fi rọ́bà táyà tàbí awọ ewúrẹ́ wé e, ẹ ní kí wọ́n tú u. Ọ̀ṣọ́ lè ni, ó sì lè jẹ́ ọgbẹ́ ni wọ́n bò. Igi tí epo ti mu yó tó ń rọ̀ lábẹ́ èékánná kò ní í pẹ́ là. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọ iṣẹ́ á fi apá tàbí ìrókò gbẹ́ òmíràn. Igi kì í jẹ́ kí n kọ ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ dára.

Abẹ́ ìdí ọ̀pá ni àmì ìdánwò wà, èyí tó ń jẹ́rìí pé wọ́n ti dán ọ̀pá náà wò pé ó lè gba agbára ẹ̀tù. Ilé ìdánwò Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà láti 1813, adé lórí lẹ́tà BNP ni àmì rẹ̀ láti 1954. Ti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni ELG nínú àmì tó rí bí ẹyin. Ẹ wá nọ́ńbà 65, 70 tàbí 76, tàbí 2½, 2¾, 3: gígùn ilé ọta nìyẹn, ní mìlímítà tàbí ínṣì. Ibi tó ti ń tan ènìyàn rèé: gígùn èèpo lẹ́yìn tó bá ti tú ni wọ́n ń kà. Ọta 70 tí wọn kò tíì yìn, tí ẹnu rẹ̀ ṣì pa mọ́ra, á wọ ilé ọta 65 láìsí ìnira, ìbọn á sì dé. Nígbà tó bá dún, ẹnu rẹ̀ kò ní rí àyè tú tán, á fún ọ̀nà, agbára á sì ga ju bó ṣe yẹ. Ìbọn àtijọ́ tí ara ọ̀pá rẹ̀ ní ilà lílọ́ bí okùn tàbí bí aṣọ òfì, ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe é fún. Ó lẹ́wà lára ògiri.

Ṣakabùlà kò ní àmì ìdánwò. Alágbẹ̀dẹ ni àmì rẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó rọ ọ́. Ẹ wò ó bóyá páìpù omi ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá rẹ̀: ilà tí wọ́n fi jó páìpù pọ̀ máa ń hàn nínú bí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí oòrùn, ibi ilà yẹn ló sì ń gbà ya. Ihò tí iná ń gbà wọlé máa ń fẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Bí orí ìṣáná bá lè wọ̀ ọ́ kọjá, iná á máa tú jáde sí ojú ju èyí tó ń ti ọta lọ. Àwọn àgbà máa ń fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ìbọn láti mọ̀ bó bá ń jò. Ẹ má ṣe é, kò sí ìdí tí ẹnu yín fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí ó bá ti dá yín lójú pé ó ṣófo, ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dí ihò iná, kí ẹ wo ìdí ọ̀pá. Ibi tí omi bá ti ń sun jáde ni iná máa gbà. Ẹ dà á nù, ẹ gbẹ ẹ́ kíá.

Èyí tó bá yege nínú gbogbo èyí, ẹ má ṣe gbé e lé èjìká yìn lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ dè é mọ́ táyà àtijọ́, ẹ kọjú rẹ̀ sí ebè gíga, ẹ so okùn gígùn mọ́ ibi tí à ń fà, kí ẹ lọ sẹ́yìn igi ńlá. Ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wo èèpo kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe sọ lókè, kí ẹ sì tún fi ewé ìwé wọn híńjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ ya òbìrí tó fẹ̀ ní 76 sẹ̀ǹtímítà sórí páálí, ẹ dúró sí mítà 36, kí ẹ yìn ín. Ẹnu tó fún dáadáa máa ń kó bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọta wẹ́wẹ́ tó wà nínú èèpo sínú òbìrí náà. Ẹnu tó ṣí gbayawu kì í ju bí 40 lọ. Ẹni tó ń dẹ ọ̀yà lóru ní mítà 20 kò nílò 70 yẹn, kó má san owó rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá gbé e délé, ẹ fọ inú rẹ̀, ẹ fi epo ẹ̀rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á, kí ẹ sì fi àkísà funfun dì í lábẹ́ irin tó so ọ̀pá pọ̀ àti lábẹ́ igi iwájú. Ẹ gbé e pa mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìyìn ín. Ẹ wá tú àkísà náà wò lójúmọmọ. Bó bá pọ́n níbì kan, ibẹ̀ ni ìpẹtà tí epo ọlọ́jà bò mọ́lẹ̀ ti ń yọjú.